Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí Tísà Gánà Máa Lọ

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí à ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí oko, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ló wà nílùú wa. Ọmọ tó bá ka ìwé mẹ́fà tán, bí àwọn òbí rẹ̀ bá ní ẹbí ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn, wọn a lọ fi í sọ́dọ̀ ẹbí náà kó lè lọ girama. Èyí tí kò bá ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bó bá jẹ́ ọkùnrin, ọkọ́ ni wọn yóò nà sí i. Bó bá jẹ́ obìnrin, ìdí òfì ni yóò jókòó sí, yóò máa hun aṣọ títí ọkọ yóò fi wá fẹ́ ẹ. Ìdí òfì ni wọ́n ti yàn fún èmi. Ìyá bàbá mi tilẹ̀ ti ń kọ́ mi ní òwú ríran. Mi ò sunkún sí i, torí mi ò mọ̀ pé ohun mìíràn wà tí ọmọbìnrin lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Àfi bí ìjọba ṣe kéde, ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, pé ẹ̀kọ́ girama ti di ọ̀fẹ́, pé ìlú tó bá fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kó wá ibi tí àwọn ọmọ yóò jókòó sí. Àwọn bàbá wa wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, kò sí ilé tó tóbi tó lọ́wọ́ wọn bí kò ṣe ilé tábà. Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò mọ tábà mọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ìgbà yẹn, káàkiri Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń gbìn ín. Ilé tábà ni ilé alámọ̀ gíga kan báyìí tí wọ́n ń so ewé rẹ̀ rọ̀ sí, wọn a dá iná sí i nísàlẹ̀, ewé náà yóò gbẹ díẹ̀díẹ̀, yóò sì pọ́n bí ìyeyè. Àgbàlagbà kan ládùúgbò wa yọ̀ǹda tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin lu fèrèsé sí i lára, àwọn ìyá wa pọn omi, wọ́n po ẹrẹ̀, wọ́n rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ń dán. Báyìí ni ilé-ẹ̀kọ́ girama wa ṣe bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ní kí n lọ. Inú bí ìyá bàbá mi, ṣùgbọ́n bàbá mi kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Àgbẹ̀ tábà ni bàbá mi, onísùúrù ènìyàn, tó jẹ́ pé bó bá ti kírun àsùbáà tán, oko ni. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ara àwọn tó ti Gánà padà wálé ni wá, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ lé àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò lọ́dọ̀ wọn. Ilé tó ti ibẹ̀ dé pọ̀ nílùú wa. Nílé àwọn yòókù, wọn a máa sọ ìtàn rẹ̀ lálẹ́, wọn a máa fi èdè ibẹ̀ dá àpárá. Nílé tiwa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Kùmásí ni wọ́n bí mi sí, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ìjọba kò kó tísà tó pọ̀ tó wá. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti tísà bíi mélòó kan ni wọ́n rán sí wa, kò sì sí ẹni tó mọ ìṣirò nínú wọn. Ìlú ló bá lọ wá tísà fúnra rẹ̀. Wọ́n rí ọkùnrin ará Gánà kan ní Ṣakí tó ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní ìṣirò nínú ilé wọn, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì tẹ̀lé wọn wá, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kékeré. Ìlú ló ń bọ́ ọ, ìlú ló fún un ní yàrá. Kò sí lórí ìwé ìjọba kankan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló padà wá fa ọ̀rọ̀.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn bó bá ń rìn. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ló ti kọ́ Yorùbá, nítorí náà “ẹ kú iṣẹ́” ni ó fi ń kí gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń jẹun, “ẹ kú iṣẹ́.” Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, “ẹ kú iṣẹ́.” A máa ń rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì máa ń se kẹ́ńkẹ́, tí àwọn ìyá wa ń pè ní ẹ̀kọ líle. Kò sí ilé tí kì í kí wọn, àfi ilé wa. Bí Tísà Gánà bá gba ojúde wa kọjá, tó sì kí bàbá mi, bàbá mi yóò gbójú sí ilẹ̀ bí ẹni pé atẹ́gùn ló fẹ́. Ojú máa ń tì mí. Mo rò pé bàbá mi kórìíra rẹ̀, gbogbo ìlú ló sì rò bẹ́ẹ̀.

Òórùn tábà kò kúrò lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bí òjò bá rọ̀, òórùn náà á jí, gbogbo kíláàsì á máa sín. Aṣọ wa ń run tábà, ìwé wa ń run tábà. A ò kà á sí nǹkan kan, títí wọ́n fi pè wá síbi ìdíje eré sísá ní Ìsẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ń kó tábà ló gbé wa lọ. A ò ní aṣọ ilé-ìwé, kálukú wọ èyí tí òbí rẹ̀ rí. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo rí i tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tó wà níbẹ̀ ń fọwọ́ di imú. Mo kọ́kọ́ rò pé òkú ẹran kan wà nítòsí ni. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn pariwo pé kí wọ́n má tan ìṣáná sún mọ́ wa, kí a má baà gbiná. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ Tábà!” Títí ilẹ̀ fi ṣú, orúkọ tí wọ́n ń pè wá nìyẹn. Mi ò lè sáré mọ́. Mo dúró síbi tí wọ́n fi wá sí.

Tísà Gánà ló kó wa lọ, òun náà ló kó wa bọ̀. Ọjọ́ kejì, ó wọ kíláàsì, ó di ewé tábà gbígbẹ kan mọ́wọ́, ó gbé e síwájú wa. Ó bi wá pé kí ló sọ ewé yìí di ohun tí àwọn òyìnbó ń wá rà. Ẹnì kan ní ilẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní òjò ni. Ó ní rárá, iná ni. Ó ní ewé yòókù nínú igbó, bí iná bá kàn wọ́n, eérú ni wọ́n ń dà. Ó ní kí a wá fi ọ̀rọ̀ náà kọ orin fún òun, torí Yorùbá òun kò tó orin.

A jókòó tì í. Òun ló mú ohùn wá, àwa la fi ọ̀rọ̀ sí i:

*Ewé tó fara da iná ló ń níyì lọ́jà,*
*Àwa lewé, ẹ̀kọ́ ni iná.*

Ó tún ní kí aṣọ ilé-ìwé wa jẹ́ àwọ̀ ewé tábà tó ti gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ ló rán an fún ọ̀pọ̀ nínú wa, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ní. Ó fi òwú ya ewé kan sí àyà rẹ̀, èyí sì di àmì ilé-ẹ̀kọ́ wa. Nígbà tí ọdún yípo tí a padà sí Ìsẹ́yìn, a tò wọlé lẹ́sẹẹsẹ, a ń kọrin. Ẹnì kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo “Ọmọ Tábà!” Àwa náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Àwa nìyẹn!” Gbogbo pápá dákẹ́. A ò gba ipò kìíní nínú eré kankan lọ́jọ́ náà o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ní orí, tó ní ọrùn.

Ọyẹ́ ti mú gan-an lọ́jọ́ tí rédíò sọ ọ̀rọ̀ náà. Ètè wa ti là, a ń fi òrí pa á. A wà nínú kíláàsì nígbà tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yọjú sí ẹnu ọ̀nà, tó ní kí Tísà Gánà wá gbọ́ nǹkan kan. Rédíò náà wà lórí tábìlì níta, gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Ìjọba ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kúrò nílẹ̀ Nàìjíríà, ọjọ́ tí wọ́n fún wọn kò sì pọ̀. Mo wo ojú Tísà. Ó dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà ló padà wọlé, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ń bá ìṣirò tó ń ṣe lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó tẹ̀lé e ni mi ò tíì gbàgbé títí di òní. Mo rò pé ìlú yóò ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n kí oòrùn ọjọ́ kejì tó kan àtàrí, àwọn ènìyàn ti wà ní ojúde rẹ̀ tí wọ́n ń ná ẹrù rẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, tí ìyàwó Tísà rán aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, òun gan-an ni mo bá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń yí i wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó Tísà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ mi rí mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ṣé ìyá mi wà nílé. Bí ẹni pé a pàdé lọ́jà. Nígbà tí mo ń padà lọ sílé, mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń tẹ̀lé Tísà lẹ́yìn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin pé kí ará Gánà máa lọ sílé. Àwọn ọmọ tó ti fún ní súìtì! Ó yíjú padà, ó kí wọn, “ẹ kú iṣẹ́.” Ìgbà yẹn ni mi ò lè rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Àwọn àgbà pe ìpàdé sí iwájú ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo wa lọ, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n fi Tísà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kíláàsì wa. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ní bí ọkùnrin yìí bá lọ, ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò ní ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìṣirò, àti pé ẹni tó sọ wá di ènìyàn lójú àwọn ará ìta ni a fẹ́ lé lọ yẹn. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e pamọ́ sí abúlé lóko títí ọ̀rọ̀ yóò fi rọlẹ̀. Àwọn kan ní ọlọ́pàá yóò gbọ́, wàhálà yóò sì bá ìlú.

Àgbàlagbà tó yọ̀ǹda ilé tábà dìde. Ó ti darúgbó nígbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká kọ ilà fún un. Bí ilà wa bá ti wà lójú rẹ̀, ta ló máa sọ pé kì í ṣe ọmọ wa?”

Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá náà kò ṣe àwàdà. Ó ti ní kí wọ́n lọ pe olóòlà. Mo ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tísà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó mọ́ láìsí àmì, mo ń rò ó pé abẹ yóò kan ibẹ̀. Tísà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí a ṣe kọ́ ọ.

“Bàbá, ẹ ṣé,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ìyá mi ṣì wà láyé. Lọ́jọ́ tó bá fojú kàn mí, mo fẹ́ kó dá mi mọ̀.”

Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ ilà mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ti ní ṣọ́ọ̀bù rí ní Gánà dìde. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni ọkùnrin yìí máa ń ṣe láàárín ìlú, n kò rí ìbínú lójú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

“Nígbà tí wọ́n lé àwa, ta ló bẹ̀bẹ̀ fún wa?” ni ó bi ìpàdé. “Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ṣí sílẹ̀ ni mo fi jáde. Àsìkò tiwọn ló dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ.”

Ó jókòó. Mo wo àwọn tó ti Gánà dé, mo sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń mi orí pé òótọ́ ló sọ. Ẹnì kan wá ní kí wọ́n bi bàbá mi, ohun tó bá sọ ni wọn yóò ṣe, nítorí òun ló dàgbà jù nínú àwọn tó ti ibẹ̀ dé. Mo ti mọ ohun tí bàbá mi yóò sọ. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọkùnrin tí kò dá Tísà lóhùn láti ọjọ́ tó ti dé.

Bàbá mi dìde lẹ́yìn níbi tó jókòó sí. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó rìn la àárín wa kọjá, ó lọ dúró níwájú bẹ́ǹṣì náà, ó sì la ẹnu. Èdè tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá.

Èdè Àṣáńtì ni. Ó ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ìṣẹ́lẹ̀rú, kò sì dúró rò ó. Ohùn rẹ̀ pàápàá yàtọ̀. Ohùn ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ni. Bàbá mi, tí a ń jẹun nínú àwo kan náà! Ìyàwó Tísà gbé ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Tísà fúnra rẹ̀ wo bàbá mi bí ẹni rí òkú tó jí. Ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀, bàbá mi sì tún fèsì.

Àgbàlagbà tó ni ilé tábà ní, “Kí lo sọ fún un? Sọ ọ́ kí gbogbo wa gbọ́.”

“Mo ní kó má gbé bẹ́ẹ̀dì,” ni bàbá mi wí. “Omi ni kó gbé.”

A ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

“Nígbà tí wọ́n lé àwa, bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé rù,” ló ń bá a lọ. “Mo rò pé ohun tí mo fi òógùn mi rà kò yẹ kí n fi sílẹ̀ fún wọn. Omi tán lọ́nà. Oòrùn mú. Ọmọ tí ìyàwó mi pọ̀n sẹ́yìn, ọmọkùnrin ni, ibẹ̀ ló kú sí. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí wọ́n bá ní kí n lọ fi ibẹ̀ hàn lónìí, n kò mọ̀ ọ́n mọ́.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Mo yíjú sí ìyá mi. Ó ti fi ìborùn bo ojú rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo rò pé èmi ni àbíkẹ́yìn wọn. Wọ́n máa ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ nílé pé ọmọ ìkẹyìn ni mí. Mo ní àbúrò! Mo ti bá a gbé, mo ti fọwọ́ kàn án, a jọ rin ọ̀nà yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi. Gbogbo ara mi tutù bí ẹni tí wọ́n da omi odò sí lára nínú ọyẹ́.

Bàbá mi yíjú sí ọkùnrin tó ti ní ṣọ́ọ̀bù. Kò gbóhùn sókè. Ó ní, “Ìwọ náà wà lójú ọ̀nà yẹn. O bá mi gbẹ́ ilẹ̀.” Ọkùnrin náà gbé fìlà rẹ̀, ó dìde, ó lọ. Bàbá mi wá sọ fún ìpàdé pé kò sí ibi tí a lè fi ènìyàn pamọ́ sí tí ojú kò ní tó o, àti pé Tísà ti sọ fún òun pé òun kò fẹ́ kó ìlú sí wàhálà. Ó ní òun yóò mú wọn gba ọ̀nà Ìjìó. Òun ní ọ̀rẹ́ kan lódìkejì ààlà, Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n lábúlé náà. Wọn yóò dúró síbẹ̀ títí tí ọ̀nà iwájú yóò fi ṣí, torí òun gbọ́ pé wọ́n ti ti àwọn ẹnubodè tó wà níwájú, àwọn ènìyàn sì ń sùn sójú títì. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn ọkùnrin yìí kó lọ dín gàrí.

Tísà ń kọ́ wa títí di ọjọ́ tó ku ọ̀la tí wọn yóò lọ. Ọkọ̀ tábà náà ló gbé wọn. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tò sí ẹ̀bá ọ̀nà nínú aṣọ ilé-ìwé wa. Àwọn ìyá wa gbé gàrí wá, wọ́n gbé ẹ̀pà, wọ́n gbé iṣu yíyan. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kò wá. Nígbà tí ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra ni ọkùnrin tó ti ní ṣọ́ọ̀bù dé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi ńlá lórí, omi ti rin aṣọ rẹ̀ láti èjìká dé ẹsẹ̀. Ó gbé e fún bàbá mi, bàbá mi gbà á.

A bẹ̀rẹ̀ orin wa. Eruku ọyẹ́ ti gba ọ̀nà ọ̀fun wa, ẹkún sì ti gba ìyókù, orin náà kò dùn rárá. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí a máa ń fà jù, tí Tísà máa ń tìtorí rẹ̀ bá wa jà. A tún fà á. Mo rí i lẹ́yìn ọkọ̀, láàárín ẹrù, tó gbé ọwọ́ sókè tó ń fi ìka júwe fún wa pé kí a má fà á, kí a má fà á, títí ọkọ̀ fi yà.

Bàbá mi pẹ́ kó tó dé. Ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí ẹnu ọ̀nà láìṣe nǹkan kan. Nígbà tó dé, ó rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó ní òun kò fi wọ́n sílẹ̀ títí ọ̀nà fi ṣí tí wọ́n fi rí ọkọ̀ wọ̀. Ọmọbìnrin kékeré náà wà láàyè, ó ń jẹun. Ìgbà tí ó sọ èyí ni mo kọ́kọ́ rí omi lójú bàbá mi. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa Kùmásí, nípa òwò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, nípa àbúrò mi, bó ṣe máa ń di irun mi mú. Nígbà tó yá, oníṣòwò ará Ìjìó kan mú iṣẹ́ wá pé Tísà ti délé, ìyá rẹ̀ sì ti rí i.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn tó ń ra tábà kó ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀, kajú ni wọ́n ń gbìn sóko báyìí. Ìjọba kọ́ ilé alábúlọ́ọ̀kù fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, ilé tábà sì wó. Ọ̀gá tuntun kan dé, ó ní kí wọ́n yọ ewé kúrò ní àyà aṣọ, wọ́n fi ìwé àti àtùpà sí i, bíi ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yòókù. Ẹnikẹ́ni kò jà. Orin nìkan ló kù.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n ṣe àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì pe àwa tí a kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Wọ́n ka ìtàn bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dárúkọ ọba, wọ́n dárúkọ àwọn olóyè, wọ́n dárúkọ gómìnà. Nígbà tó kan orin, olóòtú ètò ní àwọn baba ńlá wa ló fi sílẹ̀ fún wa. Mo wo ọ̀tún àti òsì mi, mo rò pé ẹnì kan yóò kọ̀. Àwọn tí a jọ dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà ń pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo gba àyè lọ́wọ́ wọn, mo sì sọ ohun tí mo ń sọ fún yín yìí. Àwọn ọmọ náà ń wò mí. Wọn ò mọ̀ pé wọ́n ti lé ènìyàn kan rí nílùú yìí. Ohun tí àwọn ń rí lórí fóònù wọn ni pé wọ́n ń lé àwa ọmọ Nàìjíríà kúrò nílùú àwọn ẹlòmíràn.

Ọmọbìnrin kan dìde nínú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ Tísà náà?”

Mo la ẹnu. Mo wá a títí. Orúkọ náà ti ṣòro fún ahọ́n wa láti ọjọ́ àkọ́kọ́, a sì pa á tì. “Sà” la ń pè é ní kíláàsì. Ní ìgboro, Tísà Gánà. Bàbá mi ló mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó sì ti pẹ́ tí bàbá mi ti kú. Mo wo àwọn ẹgbẹ́ mi bóyá ẹnì kan yóò gbà mí là, kálukú wọn ń wo ilẹ̀. A jẹ oúnjẹ rẹ̀, a wọ aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ rán, a ń kọ orin rẹ̀ di òní. Orúkọ ilẹ̀ tí a tìtorí rẹ̀ ní kó máa lọ nìkan ni a rí fún un.

Ọmọbìnrin náà ṣì wà lórí ìdúró, ó ń retí kí n dáhùn.